Nítorí Àlejò, Afra Fi Òkú Màlúù Pamọ́

"Ohun tí mo bá ṣèlérí fún àlejò mi, àlejò mi á fojú ara rẹ̀ rí i kó tó padà sílé. Bí òkè yìí bá tiẹ̀ fẹ́ wó, á ní sùúrù dìgbà tí wọ́n bá wò ó tán."

Bí Afra ṣe máa ń fọ́nnu nìyẹn ní ọjọ́ tí àwọn àlejò bá dé, tí ọbẹ̀ bá ti délẹ̀, tí wáìnì sì ti ń pọ́n wọn lẹ́rẹ̀kẹ́. Á gbé ife sókè, á wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí olùkọ́ tó ń wo ọmọ ilé ìwé. Kò sẹ́ni tó ń já a níyàn. Ta ló fẹ́ bá ẹni tí oúnjẹ ọ̀la wà lọ́wọ́ rẹ̀ jiyàn?

Iṣẹ́ afinimọ̀nà ni Afra ń ṣe lórí òkè Tirol nílẹ̀ òyìnbó. Kì í ṣe irú ìrìn òkè tí èèyàn ń fi okùn so ara rẹ̀ mọ́ àpáta, tí á máa ké pe ìyá rẹ̀. Ìrìn ìgbádùn ni tirẹ̀. Mọ́tò ló ń gbé ẹrù àwọn àlejò lọ ṣíwájú. Àwọn fúnra wọn kì í gbé ju omi àti ṣokoléètì lọ. Wọ́n á rìn díẹ̀, wọ́n á jókòó, wọ́n á wo òkè, wọ́n á jẹun. Bí oòrùn bá ń wọ̀, wọ́n á bá omi gbígbóná àti bẹ́ẹ̀dì rírọ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń sanra sí i lẹ́nu ìrìn náà, kò sì sẹ́ni tó bínú.

Ibi tó dùn jù nínú ìrìn yìí ni pápá Kassian, lókè níbi tí igi kò ti hù mọ́, tí àwọn màlúù ti ń jẹko ní gbogbo ìgbà ooru.

Kassian ni àbúrò Afra lọ́kùnrin. Lọ́dọ̀ tiwọn, a kì í pín oko. Ẹnì kan ṣoṣo ni yóò jogún ilé, ilẹ̀ àti màlúù. Àwọn yòókù á wábi gbà. Afra ni àgbà, ṣùgbọ́n obìnrin ni; Kassian ló tẹ̀lé e, Kassian ló sì jogún. Gbogbo ohun tí Afra rí nínú ogún baba rẹ̀ kò ju ọ̀rọ̀ ẹnu kan lọ.

"Máa kó àwọn àlejò rẹ gba orí pápá," ni Kassian wí lọ́jọ́ tí wọ́n sin baba wọn tán. "Kí wọ́n máa jẹun níwájú ahéré. Ọ̀nà yẹn, tìẹ ni."

Kò sí ìwé, kò sí lọ́yà. Afinimọ̀nà pọ̀ káàkiri ibẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹlòmíràn tó ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀nà náà bá dí, Afra á di afinimọ̀nà bí àwọn tó kù, ilé baba rẹ̀ á sì di ohun tó ń wò láti ìsàlẹ̀.

Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ní oṣù kẹsàn-án, àwọn màlúù a máa sọ̀ kalẹ̀ padà sí abúlé kí òtútù tó dé. Bí nǹkan burúkú kò bá ṣẹlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ooru dé òpin, wọ́n á dé àwọn màlúù ládé òdòdó àti ewé, wọ́n á so agogo ńláńlá mọ́ wọn lọ́rùn, gbogbo abúlé á sì jáde. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá kú nínú ilé, tàbí tí màlúù kan péré bá kú lórí pápá, kò sí adé, kò sí agogo. Agbo á kàn rọra sọ̀ kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́ bí ẹni tó ń ti itẹ́ òkú bọ̀.

Lọ́dún tó ṣáájú, ìyá Afra àti Kassian kú. Agbo sọ̀ kalẹ̀ lórí òfo. Àwọn àlejò Afra dúró létí títì pẹ̀lú kámẹ́rà, wọn ò rí nǹkan kan yà. Ìyá kan láti ìlú Cologne yínmú, ó ní, "Màlúù tó rí bíi màlúù wà lọ́dọ̀ wa náà."

Ọ̀rọ̀ yẹn ta Afra lára ju ikú ìyá rẹ̀ lọ, kí Ọlọ́run má ṣe bínú. Ìdí nìyẹn tó fi ṣèlérí adé lọ́dún yìí, tó sì tún un ṣe, tó sì fi wáìnì lé e.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí agbo sọ̀ kalẹ̀, Afra kó àwọn àlejò dé pápá. Ó fi wọ́n jókòó sídìí tábìlì gígùn níwájú ahéré, ó ní kí wọ́n máa jẹ páńkéèkì. Ó wá rí Vigil darandaran tó dúró lẹ́yìn ahéré, tó bọ́ fìlà sọ́wọ́.

Vigil dàgbà ju Afra lọ dáadáa, ṣùgbọ́n lókè níbi tí igi kò ti hù mọ́, kò sẹ́ni tó ń pe ẹnikẹ́ni ní "ẹ̀yin". Dókítà o, darandaran o, ẹni tó bí ọmọ àti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, "ìwọ" ni gbogbo wọn. Bí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀ dé abúlé ni ọ̀wọ̀ á tó padà.

"Zita ti lọ," ni Vigil wí.

"Ó lọ síbo?"

"Ibi tí gbogbo wa ń lọ. Àrá tó sán lánàá ló dẹ́rù bà á. Ó sáré, ó yọ̀, ó bọ́ sínú ọ̀gbun. Mo ti lọ wò ó. Ọrùn ti ṣẹ́."

Ẹgbọ̀rọ̀ màlúù ni Zita, ó ní àmì funfun níwájú orí bí ìràwọ̀. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni Kassian fi fà á jáde nínú ìyá rẹ̀.

"Ta lo ti sọ fún?"

"Ìwọ lẹni àkọ́kọ́. Kassian ni mo fẹ́ pè báyìí."

"Gbé fóònù yẹn sápò."

"Afra."

"Mo ní kó o gbé e sápò. Jẹ́ ká ronú bí èèyàn."

"Kí la fẹ́ rò? Màlúù kú, adé ò sí. Kí ló tún kù?"

Láti ìdí tábìlì, ohùn obìnrin kan ta wá: "Afra! Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ń fi dígí sí adé màlúù tó ń ṣíwájú?"

"Dígí tó tóbi bí àwo!" ni Afra fi dáhùn, ẹ̀rín sì kún ẹnu rẹ̀. Ó padà kọjú sí Vigil, ẹ̀rín náà ti tán. "Gbọ́. Adé yẹn, ta ló ń ṣe lóore? Ṣé Zita ni? Zita ò mọ̀ pé òun kú."

"Ọlọ́run mọ̀."

"Ọlọ́run ò ní sọ fún Kassian."

Vigil dé fìlà rẹ̀ padà. "Èmi ò ní purọ́ o. Tó bá bi mí, màá sọ."

"Kò ní bi ọ́. Èmi ló máa bi."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé yìí, ẹ má tíì dá a lẹ́bi. Ẹni tí kò bá tíì fi irọ́ kékeré gbé ẹnu ńlá tó ti fọ́n ró rí, kó wá bá wa wí.

Lọ́jọ́ kejì, igún dé. Wọ́n ń yí lójú ọ̀run lókè ọ̀gbun náà, wọ́n fẹ ìyẹ́ bí ẹni sá aṣọ. Afra ti mọ̀ pé wọ́n á wá. Igún kì í dúró de ìwé ìpè.

"Idì nìyẹn," ni Afra wí fún àwọn àlejò. "Ẹ jẹ́ ká gba ọ̀nà ìsàlẹ̀ lónìí. Ó tẹ́jú, ilé kọfí sì wà níbẹ̀."

Orúkọ kọfí ti tó. Gbogbo wọn yà sí ìsàlẹ̀ láìbéèrè. Ẹnì kan ṣoṣo ló dúró sẹ́yìn: Heiko, dókítà ojú láti Bremen, tó ti fẹ̀yìn tì. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni. Kassian bù ú ní ọtí líle mu lọ́jọ́ tó dé, ó sì ti ń wá ọ̀nà àtisan oore láti ìgbà náà. Kámẹ́rà tó gbé kọ́rùn gùn lẹ́nu bí ìbọn, ẹyẹ ló sì gbé e wá sórí òkè.

Nígbà tó bá wọn nílé kọfí, ó ti ń mí hẹlẹ, ojú rẹ̀ sì ń dán.

"Ibo lo wà?" ni Afra bi í.

"Mo lọ tọ̀."

"Irú ìtọ̀ wo ló pẹ́ tó yìí?"

"Mo ti dàgbà, Afra." Ó rẹ́rìn-ín. "Ohun kan wà tí mo ń tọ́jú. Mi ò ní sọ fún ọ báyìí. Lọ́jọ́ ìkẹyìn ni wàá mọ̀."

Afra wo ojú rẹ̀ tó ń dán, ó sì rò pé òun ti mọ ohun tó ń tọ́jú. Opó ni ọkùnrin náà, òun náà kò lọ́kọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó fi ìpara kun ètè kí wọ́n tó jáde.

Ọjọ́ tí agbo máa sọ̀ kalẹ̀ pé. Kassian gun òkè wá ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, ó kó àwọn adé sínú ọkọ̀ wá. Ìyàwó rẹ̀ àti àwọn obìnrin àdúgbò ló ti ń dì wọ́n láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Èyí tó tóbi jù nínú wọn ní àgbélébùú láàárín, dígí sì wà lábẹ́ rẹ̀.

Kassian kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, bó ṣe ń so adé náà mọ́ ìwo màlúù tó ń ṣíwájú, ó ní, "Lọ́dún tó kọjá a ò lè ṣe é. Ti ọdún yìí, ti Màmá ni."

Ọ̀rọ̀ náà gún Afra níbi tí kò ti retí. Ó la ẹnu. Bóyá ì bá ti sọ ọ́ nígbà yẹn, ta ló mọ̀? Ṣùgbọ́n àwọn àlejò ti to ara wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, wọ́n ti gbé kámẹ́rà sójú, ìyá kan sì ti ń nu omijé kí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀.

Kassian na ọrùn. "Zita ńkọ́?"

Vigil bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń tún okùn bàtà rẹ̀ so. Okùn náà kò tú.

"Ó ti bá agbo àwọn ará òdìkejì lọ," ni Afra wí. "Wọ́n ránṣẹ́ pé àwọn á mú un wá."

Kassian bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ yẹn! Ó ti lọ fẹ́ ọkọ láìgbàṣẹ."

"Àìgbàṣẹ yẹn ló fi jọ ẹ̀gbọ́n ẹ," ni Afra dáhùn, àwọn méjèèjì sì jọ rẹ́rìn-ín. Bíi ti ìgbà èwe wọn ni. Ohun tó burú nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn.

Agbo sọ̀ kalẹ̀. Ẹ ò rí irú rẹ̀ rí. Agogo ń dún débi pé èèyàn ò gbọ́ ohun tó ń rò. Òdòdó pupa, òdòdó àwọ̀ ojú ọ̀run, dígí tó ń ta oòrùn sí gbogbo èèyàn lójú. Lẹ́nu ọ̀nà abúlé, àwọn onífèrè dara pọ̀ mọ́ wọn. Lójúde ṣọ́ọ̀ṣì, Filomena onílé ọtí ti ṣí àgbá bíà, sọ́séèjì sì ń ta sánsán lórí iná.

Ìyá kan nínú àwọn àlejò dì mọ́ Afra. "O ṣèlérí, o mú un ṣẹ!"

"Mo ti sọ fún yín," ni Afra wí. Ó gba ife bíà kan, ó sì mu ún dé ìdajì.

Ìgbà náà ni Dókítà Heiko kan tábìlì, ó dìde. Ó gbé ohun pẹlẹbẹ kan lọ́wọ́ tí wọ́n fi bébà aláwọ̀ dì.

"Ọ̀gbẹ́ni Kassian," ló ní. Abúlé la wà báyìí, ọ̀wọ̀ ti padà. "Ẹ ti ṣe wá lálejò. Ẹ fún wa ní wàrà, ẹ fún wa ní ọ̀nà. Mo ní ẹ̀bùn kékeré kan fún yín. Mo yà á fúnra mi. Ó ti tó ogójì ọdún tí mo ti ń wá ohun tó wà nínú ẹ̀, orí ilẹ̀ yín ni mo ti wá rí i."

Afra gbé ife sílẹ̀. Ó yé e pé kì í ṣe òun ni dókítà ń fojú dídán wò láti ọjọ́ yìí wá.

Kassian tú bébà náà. Fọ́tò ńlá ni, wọ́n ti fi férémù sí i. Igún ńlá kan na ìyẹ́ rẹ̀ tán, ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí òkú ẹran. Dókítà rò pé ẹran ìgbẹ́ ni. Ará ìlú ńlá ni, ẹyẹ nìkan ló sì ń wò. Ṣùgbọ́n lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹyẹ náà, iwájú orí kan hàn kedere, àmì funfun bí ìràwọ̀ sì wà lórí rẹ̀.

Kassian wo fọ́tò náà pẹ́.

"Igún náà dára," ló wí níkẹyìn.

"Àbí?" Inú dókítà dùn.

"Ó dára gan-an. Ẹ ṣé. Níbo lẹ ti rí i?"

"Nínú ọ̀gbun tó wà lábẹ́ pápá yín ni. Lọ́jọ́ tí Afra ní ká gba ọ̀nà ilé kọfí."

Kassian gbé orí sókè, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò pariwo. "Àwọn ará òdìkejì mà ti pẹ́ o, Afra. Ṣé wọ́n ṣì ń bọ̀?"

Afra yíjú sí ọ̀nà òkè.

Kassian gbé fọ́tò náà lé tábìlì. Ó lọ bá màlúù tó ń ṣíwájú, ó tú adé rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri ṣọ́ọ̀ṣì. Ó bọ́ agogo. Ó lọ bá èyí tó tẹ̀lé e. Vigil wá dúró tì í, ó ń gba adé lọ́wọ́ rẹ̀. Fèrè kan kọ́kọ́ dákẹ́, èkejì tẹ̀lé e, títí tó fi ku baba kan tí etí rẹ̀ ò gbọ́ràn mọ́, tó ń fọn tirẹ̀ lọ. Ẹnì kan fọwọ́ tọ́ ọ.

Gbogbo ojúde pa lọ́lọ́. Àwọn ará abúlé tí fìlà wà lórí wọn ṣí fìlà.

Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni o. Wọ́n rò pé apá kan ayẹyẹ náà ni. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ń ya fọ́tò, ìyá tó dì mọ́ Afra lẹ́ẹ̀kan sì fà á lápá. "Afra, kí ni wọ́n ń ṣe yẹn? Ó mà dára o! Ṣàlàyé ẹ̀ fún wa."

Iṣẹ́ rẹ̀ kúkú ni. Ó ti ṣàlàyé òkúta fún wọn, ó ti ṣàlàyé ewéko àti kùrukùru. Afra gun orí bẹ́ǹṣì.

"Màlúù kan kú lórí òkè," ló wí, ohùn rẹ̀ sì dé gbogbo ojúde. "Bí màlúù bá kú, a kì í dé wọn ládé. Mo mọ̀ pé ó kú. Vigil sọ fún mi, mo ní kó dákẹ́. Mo wá purọ́ fún àbúrò mi lójú ara rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń ṣe nìyẹn."

Àtẹ́wọ́ dá.

"Ojú ò tiẹ̀ tì ẹ́, Afra!" ni Filomena fi ké láti ìdí àgbá.

"Ojú ta ló tì níbí?" Afra yíjú sí i. "Filomena, bíà tó o ti tà láti àárọ̀, ṣé o máa dà á padà sínú àgbá? Sọ́séèjì tẹ́ ẹ jẹ, ṣé ẹ máa pọ̀ ọ́? Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé tí adé ò bá sí, àlejò ò ní wá. Lọ́dún tó kọjá, ta ló kùn jù? Ìwọ ni! Èmi kọ́ ni mo ti màlúù sí ọ̀gbun. Àrá ló pa á. Ẹ lọ bá àrá jà!"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó sì tètè gbé e mì. Nítorí òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ó sì ń ta wọ́n lára. Ṣùgbọ́n òótọ́ tí èèyàn bá sọ lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn tí àṣírí tú, ó máa ń pẹ́ jù.

Kassian ti bọ́ adé tó kẹ́yìn. Ó nu ọwọ́ lára ṣòkòtò.

"O ti parí?"

"Mi ò tíì parí."

"Mo ní ti Màmá ni," ni Kassian wí jẹ́jẹ́. "Etí ẹ ni mo sọ ọ́ sí. O sì ń wò mí."

Afra wo àwọn adé tó wà lẹ́bàá ògiri.

"Ọ̀nà orí pápá ti dí," ni àbúrò rẹ̀ wí. "Fún ìwọ àti ẹnikẹ́ni tó bá tẹ̀lé ọ."

Ẹnu ló fi fún un, ẹnu náà ló fi gbà á.

"Dí i!" ni Afra fi dáhùn. "Òkè pọ̀ lọ súà." Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ó gbé ife bíà rẹ̀, ó mu ìdajì tó kù níṣojú gbogbo wọn, ó sì kó àwọn àlejò rẹ̀ padà sí òtẹ́ẹ̀lì. Kò wẹ̀yìn. Dókítà Heiko ń tẹ̀lé e, ó ń tọrọ gáfárà títí, bí ẹni tó ṣèèṣì tẹ ajá mọ́lẹ̀.

"Ẹ̀yin kọ́," ni Afra wí fún un. "Fọ́tò yín dára."

Títí di òní, ẹ ò lè gbọ́ lẹ́nu Afra pé ó kábàámọ̀. Àwọn ẹbí ti ní kó lọ bẹ Kassian. Ó ní ẹ̀bẹ̀ kí ni? Àlùfáà ti ní kó wá jẹ́wọ́. Ó ní òun ti jẹ́wọ́ lójúde ṣọ́ọ̀ṣì, kí àlùfáà lọ bi àwọn tó gbọ́. Bí ẹ bá bi í pé kí ni ẹ̀kọ́ tó wà nínú ìtàn yìí, á ní ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé kí afinimọ̀nà má ṣe fi dókítà tó fẹ́ràn ẹyẹ sílẹ̀ sẹ́yìn.

Ooru tún dé. Afra ṣì ń kó àlejò. Ọ̀nà inú igbó, níbi tí àwọn ọkọ̀ agégẹdú ń gbà, ni wọ́n ń tọ̀ báyìí. Ọ̀nà náà ga, ó sì gbóná. Mọ́tò ṣì ń gbé ẹrù wọn lọ ṣíwájú, omi gbígbóná ṣì wà ní òtẹ́ẹ̀lì, ṣùgbọ́n búrẹ́dì àti wàràkàṣì inú bébà ni wọ́n ń jẹ lọ́sàn-án, lórí ìtì igi.

Lọ́jọ́ kan nínú oṣù keje, ìyá àgbà kan nínú wọn dúró lójijì, ó gbé ọwọ́ sétí. Agogo kékeré tí àwọn màlúù máa ń gbé kọ́rùn lórí pápá Kassian ń dún lókè, lẹ́yìn igi.

"Ẹ gbọ́," ni ìyá náà wí. "Ṣé a ò lè gòkè lọ wò wọ́n?"

"Kò sí ọ̀nà níbẹ̀," ni Afra wí.

Ìyá náà wo ọ̀nà tóóró tó gun òkè lọ láàárín koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, tí ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún ti tẹ̀ dán. "Èyí ńkọ́? Ọ̀nà kọ́ nìyí?"

"Ìyẹn? Ti àwọn tó nílé lókè ni."

Ìyá náà gbé ìgò omi rẹ̀ sílẹ̀. Ó jókòó lórí òkúta, ó ń tẹ́tí. Afra kò kán an lójú. Ó dúró tì í, ó fara ti ọ̀pá rẹ̀, ó sì jẹ́ kí ìyá náà gbọ́ agogo náà tẹ́rùn. Òun náà ń gbọ́. Nígbà tó yá, ó ní kí wọ́n dìde, ó sì ṣíwájú wọn lọ lójú ọ̀nà ọkọ̀.